Omi Tó Ń Yọ Lára Ògiri Nígbà Ọyẹ́

Rùkáyátù, Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Òní ló pé ọjọ́ mẹ́rìnlélógún tí o gbé àpótí rẹ sínú mọ́tò níwájú ilé wa lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì pé ọjọ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta tí a sin ìyá rẹ sí ẹ̀yìn yàrá. Mo ń ka méjèèjì pọ̀. Tí mo bá jí láàárọ̀, tìrẹ ni mo máa ń kọ́kọ́ kà, nítorí tìrẹ ní ọjọ́ tí kíkà rẹ̀ yóò dópin.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lánàá. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Inú mi dùn pé ara Làtífù ọkọ rẹ le, àti pé àwọn ará ilé rẹ̀ ti fi ọ́ ṣe akọ̀wé ìpàdé ilé wọn nítorí pé ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ dára. Ilé oníyàrá mẹ́rìnlá, ojúlé márùn-ún nínú ẹbí kan ṣoṣo, tí ó jẹ́ pé gbogbo wọn ló ni ín, tí ẹnì kan kò sì dá a ni: akọ̀wé irú ilé bẹ́ẹ̀ nílò sùúrù ju yíǹkì lọ.

Ṣùgbọ́n ohun tí o kọ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà, bí ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé rẹ̀, ni mo fi jókòó kọ lẹ́tà yìí. O ní ògiri tó wà láàárín balùwẹ̀ àti yàrá tí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ mẹ́ta ń sùn ń tutù. O ní ọyẹ́ ti gbẹ gbogbo ohun tó wà nílùú, ètè ènìyàn ń là, ṣùgbọ́n ògiri yẹn ń làágùn. O ní Bàbá Àgbà, olórí ilé yín, ti ránṣẹ́ pe bíríkìlà kí ó wá rẹ́ ẹ ní ọjọ́ Mọ́ńdè, kí wọ́n sì kùn ún lọ́dà, kí àlejò ìgbéyàwó tí ẹ fẹ́ ṣe nílé yín tó dé. O tún ní àwọn obìnrin ilé ń sọ pé ojú ènìyàn ló yọ níbẹ̀, pé ìyá àgbà wọn tó kú ló ń sunkún.

Àjọkẹ́, kó àwọn ọmọ yẹn kúrò nínú yàrá náà lónìí. Kí o tó ka ìyókù lẹ́tà yìí, dìde. Tẹ́ ẹní fún wọn ní yàrá tìrẹ. Sọ fún ìyá wọn pé ọyẹ́ ń mú ọ, o fẹ́ kí ara àwọn ọmọ mú ilé móoru. Sọ ohun tó bá wù ọ́, ṣá ti kó wọn kúrò. Lẹ́yìn náà, padà wá jókòó.

Ṣé o ti ṣe é? Ó dáa.

Mo fẹ́ sọ ohun kan tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí àfi ìyá rẹ. Ìyá rẹ ti gbé e lọ. Ó wá ku èmi nìkan, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n sin ín mọ́ mi.

O rántí pé nígbà tí o wà ní kékeré, tí a bá ń lọ sí Ọjà Akẹ̀sán, mo máa ń mú ọ gba ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí yí po. O máa ń bi mí pé, “Bàbá, kí ló dé tí a ò gba iwájú?” Mo máa ń ní oòrùn ló pọ̀ níbẹ̀. Irọ́ ni. Ilé kan wà lọ́nà iwájú yẹn tí mi ò fẹ́ rí.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi ni nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ ilé náà fún mi. Ìdílé mọ́kànlá ló ń gbé inú rẹ̀. Wọ́n fẹ́ fa ilé gùn sẹ́yìn, kí wọ́n fi yàrá mẹ́rin kún un. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo dá gbà nìyẹn, mo sì ti fọ́nnu fún gbogbo ọ̀rẹ́ mi. Mo na okùn, mo ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa gbẹ́ ìpìlẹ̀. Ìgbà tí a gbẹ́ dé ìdajì ni mo tó rí i pé okùn mi gba orí sàréè kọjá. Bàbá kan nínú ilé náà ti kú ní ọdún tó ṣáájú, inú ilé ni wọ́n sì sin ín sí, bí gbogbo wa ti ń ṣe.

Ẹnu mi ló yẹ kí n lò. Ká ní mo lọ bá àwọn ẹbí, kí n ní, “Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣì í, ẹ jẹ́ kí n sún ògiri sọ́hùn-ún díẹ̀,” wọn ì bá bú mi díẹ̀, wọn ì bá sì fún mi ní omi mu. Ṣùgbọ́n mi ò lè ki dígà bọ orí òkú, ojú sì ń tì mí láti sọ pé mo na okùn mi ṣì. Mo gbẹ́ apá ọ̀tún dé ìbàdí, mo gbẹ́ apá òsì dé ìbàdí. Àárín méjèèjì, ibi tó gùn tó ènìyàn kan tó nà gbalaja, mi ò fọwọ́ kàn án. Orí iyẹ̀pẹ̀ lásán ni mo to bulọ́ọ̀kù lé níbẹ̀. Kí oòrùn tó kàtàrí, mo ti bò ó.

Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Mo mọ òwe yìí dáadáa nígbà náà. Àwọn ọ̀lẹ ni mo rò pé ó ń bá wí.

Ní ọyẹ́ ọdún kejì, àmì omi kan yọ lára ògiri náà. Kò ju àwo lọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí oṣù yóò fi parí, ó ti di ọkùnrin kan tó jókòó sílẹ̀, tó káwọ́ lé orúnkún, tó dé fìlà. Mi ò bù mọ́ ọn. Ọmọdé tí kò mọ bàbá náà rí láyé á nàka sí i, á ní, “Bàbá kan rèé.”

Ìyàwó bàbá náà ṣì wà láàyè. Ìyá Aláró là ń pè é, nítorí pé aṣọ ló ń rẹ láró. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú dé ìgúnpá. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo wá wo ògiri náà, mo bá a níwájú rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀.

“Bàbá, ẹ káàárọ̀ o! Ẹ̀yin tí ẹ kì í san owó orí mọ́, ṣé ẹ sùn dáadáa?”

Obìnrin ilé kan tó ń gbálẹ̀ dá a lóhùn pé, “Ìyá Aláró, ẹ rọra máa kí i o, kó má lọ ní kí ẹ wá tẹ́ ẹní fóun.”

“Ta? Èmi? Nígbà tó wà láyé, híhanrun rẹ̀ kò jẹ́ kí n sùn. Kó máa hanrun níbẹ̀ yẹn!”

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ti tú ká lọ síbi iṣẹ́ wọn, mo rí i tó fẹ̀yìn ti ògiri náà, tó ń ran òwú, tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, tó sì ń dákẹ́ bí ẹni tó ń dúró de èsì.

Mo po sìmẹ́ǹtì, mo rẹ́ ògiri náà. Ó gbẹ, ó funfun. Kò pé oṣù kan tí ọkùnrin náà padà dé, kò sì jókòó mọ́. Ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ dìde. Wọ́n tún pè mí. Ọ̀sán ni, gbogbo ilé ti lọ sọ́jà àti oko, èmi nìkan ló wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí mo ti ń fi ṣọ́bìrì ro sìmẹ́ǹtì ni mo gbọ́ ohùn kan. Mo dá ṣọ́bìrì dúró. Inú ògiri ló ti ń wá, ní déédéé ibi ọ̀fun ọkùnrin náà: ẹnì kan ń gbé omi mì. Ó gbé e mì, ó sinmi, ó tún gbé e mì. Mo gbé etí lé ògiri. Ó tutù bí ara ẹni tó kú. Mo rẹ́ ẹ kíákíá, mo sá jáde, mi ò tilẹ̀ fọ irin iṣẹ́ mi.

Mo mọ ohun tí mo gbọ́ nísinsìnyí. Ihò ti lu sábẹ́ ògiri níbi tí mi ò gbẹ́ ìpìlẹ̀ sí, omi sì ń kán sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá rántí rẹ̀, irun ara mi ṣì máa ń dìde.

Ìyá rẹ ló ń pọn omi fún mi níbi iṣẹ́ nígbà náà, ìwọ lo wà lẹ́yìn rẹ̀. Òun kò sá. Nígbà tí àmì náà tún yọ, ó mú èédú, ó fa ìlà yí i ká. Ó ní, “Bàbá Rùkáyà, ẹ má kàn máa wò ó bí ẹni wo egúngún. Ẹ sàmì sí i, ká mọ ìgbà tó ń rìn àti ìgbà tó ń dúró.” Gbogbo Jímọ̀ ló ń fa ìlà tuntun. Òun ló sì kọ́kọ́ rí i pé ọjọ́ kejì tí ilé bá fọṣọ, tí gbogbo wọn bá wẹ̀ dáadáa, ni omi máa ń kọjá ìlà.

Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin ara ògiri yí àwọ̀ padà. Láti èjìká dé ẹsẹ̀, ó ṣú bí ọ̀run tí òjò fẹ́ rọ̀. Àwọn obìnrin pariwo, wọ́n kúnlẹ̀: “Bàbá ti wọ aṣọ ẹtù rẹ̀! Bàbá ti múra!” Ìyá rẹ súnmọ́ ọn, ó fi ìka kàn án, ó gbóòórùn ìka náà. Nígbà tí a dé ilé ló tó sọ̀rọ̀.

“Aró ni.”

“Aró kí ni?”

“Aró tí Ìyá Aláró ń dà nù sí balùwẹ̀ tó bá ti ṣá. Omi balùwẹ̀ ló ń gba abẹ́ ògiri yín yọ. Kí ló wà nísàlẹ̀ ògiri yẹn, Bàbá Rùkáyà?”

Mo sọ fún un. Ó ní, “Ẹ lọ sọ fún wọn.”

Mo ní, “Wọn yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi.”

Ó ní, “Ògiri náà yóò gbà á lọ́wọ́ yín.”

Mo lọ sí ìpàdé ilé wọn. Mo la ẹnu. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ gbólóhùn kan, Ìyá Aláró ti dìde, ó ní, “Sùnmọ́nù, mo gbọ́ pé o fẹ́ fọ́ ògiri. Má fọ́ ọkọ mi. Rẹ́ ẹ díẹ̀ tí àwọn yòókù bá ń bẹ̀rù, á tún padà wá bá mi.” Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni. Àjọkẹ́, inú mi dùn. Inú mi dùn pé obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú fún mi ní ibi tí mo lè sá sí. Mo rẹ́ ẹ ní ẹ̀ẹ̀kẹta, lórí gbogbo ìlà èédú ìyá rẹ.

Ọjọ́ Jímọ̀ ló wó. A wà ní mọ́ṣáláṣí nígbà tí a gbọ́ ariwo. Ìyá Aláró ti fẹ̀yìn tì í, òwú rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo ń kó bulọ́ọ̀kù kúrò lára rẹ̀, mo rí ibi tí ìrẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ya síra bí awẹ́ àlùbọ́sà, ìlà èédú sì wà láàárín wọn, kò parẹ́.

Àwọn ènìyàn ní ọkọ rẹ̀ ló wá mú un. Wọ́n ní ó kí i títí ó fi dá a lóhùn. Wọ́n yíjú sí mi, èmi bíríkìlà, mo sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Orí tí mo mì yẹn ló wúwo jù nínú gbogbo ẹrù tí mo rù láyé mi. Mo tún ògiri náà mọ, mo sún un kúrò lórí sàréè, mo gbẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀ dé àyà. Kò tutù mọ́ láti ọjọ́ náà. Kò sì sí ẹni tó ń kí i.

Nísinsìnyí, gbọ́ ohun tí mo ní kí o ṣe.

Èkínní, omi tó bá yọ nígbà ọyẹ́ kì í ṣe omi òjò. Má jẹ́ kí wọ́n máa gun páànù kiri. Omi ènìyàn ni: ibi tí ẹ ti ń wẹ̀, ibi tí ẹ ti ń fọ àwo. Bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Èkejì, mú èédú lónìí kí o fa ìlà yí àmì náà ká, kí o kọ ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àgbà lè bá ẹnu ìyàwó ilé jà. Kò sí bí ó ṣe fẹ́ bá ìlà jà.

Ẹ̀kẹta, wá aláró, kí o bẹ̀ ẹ́ fún aró ṣíṣá garawa kan. Dà á sí ojú ọ̀nà omi balùwẹ̀ ní àárọ̀, níṣojú ẹni méjì nínú ilé, kí wọ́n má baà sọ pé o gbé nǹkan sílé wọn. Ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, wo ògiri. Tí ó bá ṣú, ẹjọ́ ti parí.

Ẹ má rẹ́ ẹ. Mo fẹ́ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Sìmẹ́ǹtì lára ògiri tó tutù dà bí kí a fi rọ́bà di egbò: òde á máa dán, inú á máa rà. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ kọ́kọ́ ya omi kúrò, ẹ fún un ní ọ̀nà sìmẹ́ǹtì tó lọ jìnnà sí ilé. Kí bíríkìlà fi igi ti ògiri, kí ó ṣí ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Tí ìpìlẹ̀ bá ti jẹ, kí ó máa dí i ní ẹsẹ̀ bàtà méjì méjì. Tí ó bá gbẹ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, yóò wó lé e lórí. Kí wọ́n wá fi í sílẹ̀ ní ìhòòhò fún ọyẹ́ títí yóò fi gbẹ. Àlejò ìgbéyàwó ti rí ògiri tí kò ní ọ̀dà rí.

Nípa ti Ìyá Ṣèyí tí o ní ó dìde nípàdé tó ní, “Yàrá tèmi gbẹ bí pańla, ẹni tí ògiri rẹ̀ ń sunkún ni kó nù ún lójú,” má fún un lésì. Jẹ́ kí ó rẹ́rìn-ín tán. Lẹ́yìn náà, bá a lọ sí yàrá rẹ̀, kí o fi hàn án pé òpó kan náà ló gbé páànù tirẹ̀ àti ti àwọn ọmọ yẹn.

Níwájú Bàbá Àgbà, kúnlẹ̀. Má sọ pé, “Ẹ má rẹ́ ẹ.” Sọ pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé bíríkìlà lè bá wa ṣí ẹsẹ̀ ògiri wò ná?” Kí o sì máa wo ojú bíríkìlà náà. Tí ojú rẹ̀ bá sá, mo mọ ojú yẹn.

Tí wọ́n bá kọ̀, ka lẹ́tà yìí sí wọn létí. Ka gbogbo rẹ̀. Pe orúkọ mi. Mo mọ̀ pé Ògbómọ̀ṣọ́ kò jìnnà sí Ọ̀yọ́, kò ní pẹ́ kí ó tó dé etí àwọn ọmọ Ìyá Aláró. Kó má baà jẹ́ ẹnu ẹlòmíràn ni wọn yóò ti gbọ́ ọ, mo ń lọ sí ilé wọn lọ́la lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ọ̀nà iwájú ni mo máa gbà.

Làmídì awakọ̀ tí yóò mú lẹ́tà yìí wá fún ọ ń fun fèrè níta. Ó ní, “Bàbá, ṣé Kùránì lẹ ń kọ ni? Èrò ń bínú o!” Mo ní kí ó ṣe sùúrù fún mi níwọ̀n bí a ti í mu omi tán.

Ó ku ìmọ̀ràn kan. Má fi àwọn obìnrin tó ń rí ojú ìyá wọn lára ògiri ṣe yẹ̀yẹ́. Ojú kì í rí ohun tí ọkàn kò wá.

O mọ àmù ìyá rẹ tó wà ní igun yàrá, lẹ́bàá ògiri ẹ̀yìn. Láti ọjọ́ kejì tí a sin ín ni mo ti ń pọn omi kún un láràárọ̀, bí òun ti ń ṣe. Èmi kì í mu nínú rẹ̀. Omi inú kẹ́ẹ̀gì ni mò ń mu. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti dín ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin. Lójoojúmọ́. Mi ò bẹ̀rù. Mo fi ife rẹ̀ sórí ọmọrí kí ó lè tètè rí i. Nígbà tó yá, ògiri ẹ̀yìn àmù náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ó ń gòkè, títí ó fi ga tó obìnrin tó jókòó lórí ẹní ìkírun. Ògiri tí òun wà ní òdìkejì rẹ̀. Mo kí i, Àjọkẹ́. Láràárọ̀ ni mò ń ní, “Ìyá Rùkáyà, o kú ilé o.” Mo sì ń dákẹ́ díẹ̀.

Lánàá, nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ tán ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo dìde, mo da omi inú àmù náà nù, mo gbé e. Ó sán nídìí. Ojú sísán náà tín-ín-rín bí irun. Gbogbo omi tí mo rò pé ó ń mu, iyẹ̀pẹ̀ àti ògiri ló ń mu ún. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sì sunkún bí mi ò ti sunkún ní ọjọ́ tí a sin ín.

Ohun kan ló kù tí mi ò mọ ìdí rẹ̀. Mi ò bu omi sínú ife yẹn rí, ṣùgbọ́n ní àárọ̀ yìí, inú rẹ̀ tutù fún omi. Ìyẹn kì í wó ògiri. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àmù ti wà níta. Lánàá náà ni mo mú èédú, mo fa ìlà yí àmì omi náà ká bí ìyá rẹ ti kọ́ mi, ó sì ti sún wọlé ní ìwọ̀n èékánná kan láàárọ̀ yìí. Kí Ọlọ́run bá wa ṣọ́ ọ àti àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn. Ní gbogbo Jímọ̀, kí n tó lọ kírun, èmi yóò máa fa ìlà tuntun.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sùnmọ́nù.